Àga Kẹta Nínú Yàrá Mi

                                                  Yàrá Ìgbaninímọ̀ràn,
                                                  Ilé Ìtọ́jú Àwọn Ọ̀dọ́,
                                                  Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé-Ìwé.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìnáwó ilé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ọ̀tún tó máa ń ro yín bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ pákó pẹ́, ṣé ó ti ń gbọ́ tiyín báyìí? Ìyàwó wa ńkọ́? Ẹ bá mi kí i dáadáa, ẹ ní ọkọ rẹ̀ obìnrin ní kó kú ìfaradà, ó mọ ohun tí mo ń sọ. Àbíkẹ́yìn wa ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó yọ ti ń hù padà? Àwọn ọmọṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé wọn ò tíì fi ayùn gé ara wọn lọ́wọ́? Èmi náà wà, mo ń mí, mo ń jẹun, a dúpẹ́.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti kí yín bó ṣe yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó máa sọ pé Màmá ò kọ́ mi nílé. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n bínú.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń pè yín lórí fóònù, ẹ ò gbé e. Ìgbà tí ẹ wá gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní, "Mi ò ráyè ìranù," ẹ sì pa á mọ́ mi létí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé. Ẹ ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé. Bí ẹ bá fà á ya, màá kọ òmíràn, màá fi rán ìyàwó wa kó kà á sí yín létí níbi tí ẹ bá ti ń jẹun. Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Ata Wẹ́wẹ́ nígbà tí mi ò tíì tó gbé garawa omi. Ata yín náà ló ń ta yín lójú lónìí, ẹ fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọjọ́ náà sọ, torí ibi tí ẹ dúró sí kọ́ ni mo jókòó sí.

Èmi ni mo bẹ̀ yín kí ẹ wá bá mi tún ilẹ̀kùn yàrá mi tó ń há ṣe. Ọjọ́ Sátidé la dá. Ẹ rí àyè ní Ọjọ́bọ̀, ẹ gbé àpótí irinṣẹ́ yín, ẹ dé. Ẹ ò kanlẹ̀kùn. Ẹni tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe kì í kanlẹ̀kùn, àbí? Ẹ fi èjìká tì í, ẹ wọlé, ẹ rí mi, ẹ sì rí ọmọ yín obìnrin tó jókòó kọjú sí mi. Ẹ kọ́kọ́ rò pé ara rẹ̀ ni ò yá. Mo rí i lójú yín, ojú bàbá rere ni, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣe é. Ọmọ náà wò mí, ó wò yín, ó ní, "Dádì, mo ń mu sìgá ni. Mo fẹ́ jáwọ́. Àǹtí ló ń ràn mí lọ́wọ́."

Gbólóhùn mẹ́ta ló sọ. Èkíní nìkan lẹ gbọ́.

Ẹ gbá a létí. Màámi! Ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín ń pè ní Màámi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, nítorí pé ó gbé ojú Màmá wa tó ti lọ, ó gbé etí wọn, ó tún gbé ẹnu tí wọ́n fi máa ń yọ ṣùtì sí wa tí a bá purọ́. Ẹ gbé ọwọ́ tí ẹ fi ń gbá ìṣó, ẹ fi gbá Màámi létí. Ẹ sì fà á ní ọrùn ọwọ́ jáde, ẹ fẹsẹ̀ kọ àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àga náà kan yọ, ẹ ò wẹ̀yìn. Ẹ wọ́ ọ kọjá lójú àwọn ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ń pariwo pé, "Obìnrin! Obìnrin ló ń mu sìgá!" bíi pé ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin ni wọ́n fi irin ṣe.

Èmi lẹ wá yíjú sí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní, "Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún ẹ náà nìyí? Kí o máa bẹ ọmọdé pé jọ̀ọ́, má mu sìgá?" Ojú tì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ti iṣẹ́ mi o, tiyín ni. Ọmọkùnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn tó ń ṣọ́ gólì fún ilé-ìwé wọn, Gólì ni gbogbo wa ń pè é. Ó pẹ́ kó tó gbà láti wá. Ọjọ́ náà gan-an ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọlé. Ó wo bí ẹ ṣe ń fa Màámi lọ, ó dìde, ó fi ọwọ́ sápò, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo rí i lánàá níwájú géètì. Nígbà tó rí mi, ó gba òdìkejì títì.

Ẹ ní mo ń bẹ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àbúrò yín jẹ́ nọ́ọ̀sì láìbéèrè rí irú abẹ́rẹ́ tí mo ń gún.

Ẹni tó wà nínú yàrá yìí kí n tó dé lẹ àwòrán ẹ̀dọ̀fóró dúdú kan mọ́ ara ògiri. Ó máa ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i, á máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọ á tẹ́tí, wọ́n á jáde, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, wọ́n á tan sìgá. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà sì máa wá ohun tí yóò mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tó ń mú ọkàn amusìgá balẹ̀. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti yọ àwòrán náà.

Èmi kì í jágbe. Mi kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni mo ń bèèrè, mo sì ń dákẹ́ kí ọmọ dáhùn, èmi tí ẹ mọ̀ pé mi ò lè dákẹ́. Màá ní kí ọmọ sọ ohun tó rí tó dùn nínú sìgá, á yà á lẹ́nu pé mo bèèrè. Màá tún ní kó sọ èyí tí kò dùn. Ìgbà tó bá yá, màá ní kó ka jíjáwọ́ nínú sìgá sí àkàbà onígbésẹ̀ mẹ́wàá, irú èyí tí ẹ fi ń gun òrùlé, kó sọ ibi tó dúró sí. Bí ó bá ní orí ìkẹta lòun wà, mi ò ní sọ pé, "Ìkẹta lásán? Ojú ò tì ẹ́?" Ohun tí màá bi í ni pé, "Kí ló gbé ọ kúrò nílẹ̀ dé ìkẹta?" Ibẹ̀ ni ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi fẹ́ jáwọ́. Ìdí tó bá ti ẹnu ara rẹ̀ jáde ló máa dì mú tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yún un. Ìdí tèmi ò wúlò fún un, tiyín náà ò wúlò. Àwọn àgbà ló sọ ọ́, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin náà kì í fi òòlù na pákó kó lè tọ́. Ẹ máa ń fi ọwọ́ pa á, ẹ ó wo ibi tí ìlà ara igi náà kọjú sí, kí ẹ tó fi ìfági kàn án.

Màámi fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mi ò ká sìgá mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò tú àpò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé torí ilé-ìwé tó súnmọ́ ibẹ̀, síbẹ̀ mi ò gbóòórùn nǹkan kan, ọmọ náà gbọ́n ju èmi lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí gbogbo àwọn tó kù fi lọ. Mo na kọ́kọ́rọ́ ilé sí i. Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà." Ó jókòó sórí àga tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan bí Màmá ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá wúwo.

Ó ní òun ń mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi ìgbálẹ̀ lé e yí ilé ká, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní ọwọ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó lé ọwọ́ tèmi náà, mo ní, "Ṣé mo lè bi ẹ́ ní nǹkan?"

Orí ìkẹta ló ní òun wà. Mo ní kí ló gbé e kúrò nílẹ̀. Ni omijé bá ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi ni."

Kò yé mi. Mo bi í léèrè ìgbà tó kọ́kọ́ fi sìgá sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá ibi jókòó sí kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ kì í ṣáná ní ṣọ́ọ̀bù yín. Òfin yín ni, ẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri, nítorí fáníṣì àti èérún igi tó wà nílẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá tan ìṣáná níbẹ̀ á gba ilé rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n sìgá ń wù yín, gọ́ọ̀mù sì ti kún yín lọ́wọ́. Kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń pe ọmọ. "Màámi, gba èyí, sáré bá mi tàn án wá níbi sítóòfù." Ọmọ náà á gba sìgá, á sáré wọ ilé ìdáná, á fi í sẹ́nu, á fi kan iná. Ẹ̀yin amusìgá mọ̀ pé sìgá kì í dédé gbiná. Ó dìgbà tí èèyàn bá fà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi! Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ òun wúkọ́ títí òun fi bì sínú agbada. Ó ní òun nu ẹnu, òun sì gbé e wá bá yín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ pa òun lórí, ẹ ní, "Màámi, o káre." Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fẹ́ sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ lẹ ń rán an. Nígbà tó fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti ń fà á lẹ́ẹ̀kejì kó tó kúrò ní ilé ìdáná, ẹ̀yin sì ń sọ pé sìgá ayé ìsinsìnyí kì í pẹ́ jó tán.

Obìnrin ló ń mu sìgá, àbí? Ta ló tàn án fún un?

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbèrò ibi. Ẹ ń sá fún iná ni, ẹ ò fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù jó. Ẹ gba pákó lọ́wọ́ iná, ẹ wá ti ọmọ sí i. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé ẹ lè ronú lórí èérún igi tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ronú lórí ẹnu ọmọ.

Ẹ ò tíì gbọ́ ọ tán. Nígbà tí Màámi kó wá sọ́dọ̀ mi, ó rò pé rírán yẹn ti tán. Ó wálé lọ́dọ̀ yín ní ìsinmi tó kọjá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń tú irun rẹ̀, ló bá rí àbíkẹ́yìn tó sáré wọlé pẹ̀lú sìgá yín lọ́wọ́. Ọmọ náà gun àpótí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó sítóòfù. Ó fi sẹ́nu, ó fà á, ó wúkọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Màámi ní bí òun ṣe máa ń nu tòun gẹ́lẹ́ ló ṣe nu ún. Ó sì fi àlàfo eyín rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Èmi ni Dádì máa ń rán báyìí."

Ohun tó gbé e dé ìgbésẹ̀ kẹta nìyẹn. Ó ní òun ò lè sọ fún àbúrò òun pé kó má fà á nígbà tí ẹnu òun náà ń rùn. Kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró dúdú, kì í ṣe ẹ̀rù yín. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì gbọ́ ìdí tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ọmọdé.

Láti ìgbà náà ló ti ń gun àkàbà yẹn. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà ìdánwò, ó sunkún, ó tún gùn ún. Kò gbé sìgá sápò mọ́, ó ń jẹ ẹ̀pà dípò rẹ̀, gbogbo ilé mi ti di èèpo ẹ̀pà, mo ń gbá a mo ń dúpẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ẹ já wọlé, orí ìkeje ló sọ pé òun wà. Mo bi í pé kí ló máa gbé e dé ìkẹjọ. Ó ní, "Bí Dádì bá lè wá jókòó níbí, kí n fẹnu ara mi sọ fún wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tọrọ àforíjì o, Àǹtí. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n yé rán an." Ẹ̀rù yín ń bà á, a sì ń rò ó bí a ṣe máa pè yín. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá le, kí n kọ ọ́ síwèé, torí ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́nu. Òun ló fún mi láyè láti kọ gbogbo ohun tí ẹ kà yìí, mi ò jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí àga mẹ́ta tí ẹ kàn fún mi nígbà tí mo gba yàrá yìí. Mo ní méjì tó mi, ẹ ní rárá, ẹ ní ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnìkẹta máa wá. Ara ògiri ni ìkẹta máa ń wà. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Màámi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á kúrò lára ògiri, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ wo bó ṣe máa rí bí ẹ bá jókòó síbẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó ni ẹ fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé. Àga yín lẹ fẹsẹ̀ kọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin la gbé e sílẹ̀ dè.

Báyìí ẹ ti mú un sílé, ẹ ò jẹ́ kó lọ sílé-ìwé, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó wa ní kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí. Ẹ ò sì dẹ́kun sìgá tiyín fún wákàtí kan. Inú ilé tí èéfín ti ń jáde lẹ ti ọmọ tó fẹ́ jáwọ́ mọ́! Bí àkàbà yẹn bá wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mi ò ní dá ilé-ìwé lẹ́bi, mi ò ní dá ọ̀rẹ́ burúkú lẹ́bi. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Òsì yín la rí ní Ọjọ́bọ̀. A ò tíì rí ọ̀tún.

Mo mọ̀ pé gbogbo igbe tí mo fi ìwé yìí ké lòdì sí iṣẹ́ mi. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni yín, ǹ bá ti bi yín pé orí ìgbésẹ̀ wo lẹ wà, ǹ bá sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ ti fi èjìká gbé mi kọjá odò rí, mi ò lè fi ohùn nọ́ọ̀sì bá yín sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ jáwọ́ lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ jáwọ́, ẹ mọ ilẹ̀kùn mi, ó ṣì ń há. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ò ju èyí lọ: ẹ mú Màámi wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tí ilé-ìwé bá ti parí. Ẹ gbé òòlù àti gọ́ọ̀mù dání. Àga náà wà níbi tó ṣubú sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Mo lè pe káfíńtà mìíràn, mi ò ní pè é. Ẹ tún un ṣe fúnra yín, ẹ jókòó lé e, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ gbólóhùn kejì àti ìkẹta.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, ẹ kí àwọn ọmọṣẹ́. Ẹ sọ fún Màámi pé èèpo ẹ̀pà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìbùsùn, mi ò tíì gbá a. Ẹ gbé àbíkẹ́yìn mọ́ra fún mi.

Títí di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, mo fi orúkọ Màmá bẹ̀ yín, ẹ máa tan sìgá yín fúnra yín.

                                                  Èmi tí ẹ gbé kọjá odò,
                                                  tí mo ṣì ń bínú sí yín,
                                                  Ata Wẹ́wẹ́.